Ìkòkò Tí Mo Fi Sìmẹ́ńtì Dí

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹsàn-án

Tíṣà ní kí oníkálukú ní ìwé kan tí yóò máa kọ ohun tó bá ṣe ní kíláàsì sí. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ra tèmi, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó, nítorí èmi kì í ra ohun gbẹ̀fẹ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí owó tó tán lọ́wọ́ bàbá mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò dáa, kó gbé tiẹ̀ wá ká fi wé ara wọn. Ilé ni n óò ti máa kọ ọ́. N kò ní fi han ẹnì kankan.

Tíṣà tí mo ń wí yìí, ọmọ bíbí inú mi ni, àbíkẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ló lọ forúkọ mi sílẹ̀ fún kíláàsì amọ̀ mímọ ní gálárì rẹ̀ láì bi mí. Ó ní láti ìgbà tí mo ti fa iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù lé àkọ́bí wa lọ́wọ́, ilé kò gba àwa méjèèjì mọ́, pé mo ń tẹ̀lé òun wọ kíṣìnì lọ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń to àwo. Ṣé mo purọ́ ni? Àwo ńlá ló ń gbé lé kékeré lórí. Ohun tí mo fi ogójì ọdún sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ mi náà ni mo sọ fún un: ohun tó wúwo ní ń gbé nísàlẹ̀.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe dìde ló ní, "Bàbá, nílé, ọmọ yín ni mí. Níbí, Tíṣà ni mí. Ṣé ẹ gbà?"

Mo ní mo gbà. Ẹni tó ti pàṣẹ fún ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ rí, àṣẹ ọmọ rẹ̀ kò lè pa á.

Gálárì náà kò ju yàrá méjì lọ. Ti iwájú, àwòrán ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri rẹ̀ yíká. Ti ẹ̀yìn ni tiwa: tábìlì gígùn kan, àpótí ìjókòó mẹ́fà, pákó tí a ń to iṣẹ́ sí, síǹkì kan. Iléru tí wọ́n fi ń sun amọ̀ wà lábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé, gáàsì ló ń lò. Kí n tó jókòó ni mo ti rí i pé ògiri ẹ̀yìn sán láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀, òjò sì ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo ní àbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì, ọ̀sán kan, ó parí. Ó ní kí n jọ̀wọ́, kíláàsì ni mo bá wá.

Ife kékeré ni a mọ lónìí. Tèmi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń dẹtí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo tì í sẹ́yìn pákó kí ojú má bàa rí i.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹsàn-án

Òjò. Ẹni mẹ́fà ni wá. Ìyá kan tó ń ránṣọ, Télọ̀ la ń pè é, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí ẹnu wọn kì í sinmi. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ẹrẹ̀. Èmi. Àti Dẹ́rẹ́bà. Ọgbọ̀n ọdún ni Dẹ́rẹ́bà fi wa lọ́rì kí àìsàn tó mú un lápá ọ̀tún lọ́dún tó kọjá. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Abọ́ kan ló ní òun fẹ́ mọ, ẹyọ kan ṣoṣo, tí òun yóò máa fi jẹun, nítorí àwo rọ́bà tí àwọn ọmọ òun rà fún òun nígbà tí òun ti ilé ìwòsàn dé máa ń mú oúnjẹ korò lẹ́nu òun.

A ṣírò ọjọ́ orí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Ó ní oṣù mẹ́rin kì í sọ èèyàn di ẹ̀gbọ́n, nítorí náà kí n má retí "ẹ" kankan lẹ́nu òun. Ó sọ mí ní Alága Sìmẹ́ńtì. Mo ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹsàn-án

Tíṣà kọ́ wa bí a ṣe ń fọwọ́ yí amọ̀ bí okùn, tí a ó máa ká a lé ara wọn, okùn lé okùn, títí yóò fi di ìkòkò. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Ṣé búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù náà kọ́ nìyẹn? Ilé mọ́kàndínlógún ló wà nílùú yìí tí búlọ́ọ̀kù mi gbé dúró, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ alájà mẹ́ta, kò sì sí èyí tó forí sọlẹ̀. Mo kéde pé ìkòkò tó ga dé orúnkún ni tèmi yóò jẹ́, àti pé àárín tábìlì ni wọn yóò gbé e sí lọ́jọ́ àfihàn. Tíṣà ní kí n ti kékeré bẹ̀rẹ̀. Mo ní kékeré ti wà lẹ́yìn pákó.

Amọ̀ ti gbówó lórí. Àpò rẹ̀ kan ti tó iye sìmẹ́ńtì àpò méjì. Ẹrẹ̀ tí mo ti ń fi bàtà tẹ̀ kọjá láti kékeré.

Mo ti sọ fún àna mi, bàbá ọkọ ọmọbìnrin mi àgbà, kó wá wo ìkòkò mi lọ́jọ́ àfihàn. Mo fi ọwọ́ wọn gíga rẹ̀ fún un. Ó ṣeé ṣe kí n wọ̀n ọ́n kọjá orúnkún díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kẹsàn-án

Nọ́ọ̀sì bi Tíṣà ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amọ̀. Ó ní ní àgbàlá búlọ́ọ̀kù bàbá òun ni. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ mi. Télọ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi pé bàbá tó mọ iyì ọmọ ni mí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Ó fi amọ̀ mọ orí èèyàn méje, ó tò wọ́n síbi tí a ń sá búlọ́ọ̀kù sí kí oòrùn lè mú wọn. Ọkọ̀ iyanrìn dé, oníbàárà ń dúró, mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ palẹ̀ pàǹtí yẹn mọ́. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń wò wá. Kò sunkún. Láti ọjọ́ náà kò fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn mí mọ́, èmi náà kò sì béèrè. Ọdún mẹ́rìnlá rèé.

N kò mọ ohun tí mo ń kọ èyí fún. Ìkòkò mi ti ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó sì dúró ṣánṣán.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù kẹsàn-án

Abọ́ Dẹ́rẹ́bà wó lẹ́ẹ̀kẹta. Àyà ló fi ń ti amọ̀, tí ọwọ́ òsì ń fà á sókè. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ láti bá a dì í mú, Dẹ́rẹ́bà ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ti kúrò ní wọ́ọ̀dù o." Mo ní kó lọ ra abọ́ lọ́jà. Ó ní kí èmi náà lọ ra ìkòkò. Ọ̀mì la ta.

Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Kò sí ohun kan tó gbẹ.

Àbámẹ́ta, 4 oṣù kẹwàá

Mo parí ìkòkò mi lọ́jọ́bọ̀. Ó dé orúnkún, ẹni tó bá ń jiyàn kó wá gbé orúnkún rẹ̀ tì í. Tíṣà fi ọ̀rá bò ó, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gbẹ.

Mo yà síbẹ̀ lónìí nígbà tí àwọn olùwòran wà ní yàrá iwájú. Mo ṣí ọ̀rá, mo bu omi, mo wọ́n ọn sí i lára dáadáa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ kejì. Búlọ́ọ̀kù tí kò bá mu omi, ọmọdé ni yóò fi ẹsẹ̀ fọ́ ọ. Irú nǹkan báyìí kò sí nínú ìwé tí ọmọ mi kà.

Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kẹwàá

Ìdí ìkòkò mi sán. Gígùn rẹ̀ tó ìka méjì, èékánná mi sì wọlé sí i.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé, kò tíì sí ẹnì kan nínú yàrá. Bí mo bá fi han Tíṣà, yóò ní kí n wó o kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn, bẹ́ẹ̀ àfihàn kò ju ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ lọ mọ́. Mo ti sọ fún àna mi. Mo ti sọ fún àkọ́bí mi. Mo ti sọ fún oníbúrẹ́dì.

Sìmẹ́ńtì díẹ̀ kì í wọ́n nínú bùùtù ọkọ̀ mi. Mo bù ú sínú ọmọrí agolo, mo pò ó, mo fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ wọnú ibi tó sán, mo dán an, mo sì fi amọ̀ tútù pa á lójú. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí Télọ̀ àti ikọ̀ rẹ̀ yóò fi wọlé, mo ti fọwọ́, mo ti jókòó. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń dí ohun tó bá sán. Ìkòkò lásán kò ní wá dójú tì mí lọ́jọ́ alẹ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹwàá

Ó ti gan. Tíṣà fi ìka kan ara ìkòkò náà kó, kó, ó ní, "Bàbá, ó dún dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Inú mi dùn, kò sì dùn dénú.

Abọ́ Dẹ́rẹ́bà dúró lónìí. Kò rí róbótó. Etí rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀ bí ọ̀nà tí kò lọ́dà, ṣùgbọ́n ó dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi mọ ọ́n. Nígbà tí gbogbo wa ń palẹ̀ mọ́, ó kàn jókòó tì í, kò dá àpárá kankan. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò mi ni Tíṣà gbé e sí lórí pákó.

Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹwàá

Oòrùn yọ. Tíṣà kó wa lọ síwájú iléru, ó ṣàlàyé bí iná yóò ṣe máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí iléru yóò sì fi ọjọ́ méjì gbáko tutù kí a tó ṣí i. Ó ní ohun kan wà tí òun ń bẹ̀rù ju gbogbo rẹ̀ lọ.

"Bí òkúta bá wà nínú amọ̀, tàbí ìkarahun, tàbí ohunkóhun tí kì í ṣe amọ̀, iná yóò mú un bú. Kì í sì í dá lọ. Gbogbo èyí tó bá wà nítòsí rẹ̀ ló ń bá lọ."

Ó ní níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, ohun tí kò ju èékánná lọ ló fọ́ iṣẹ́ odidi pákó kan. Télọ̀ bi í bóyá bọ́tìnnì náà wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó béèrè sìmẹ́ńtì. Ta ni yóò béèrè rẹ̀? Orí ta ni yóò ti ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Mo ní n óò sọ ọ́ bí Télọ̀ bá dákẹ́. Télọ̀ kò dákẹ́. Mo ní n óò sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá lọ tán. Wọ́n lọ tán, mo rí Tíṣà nídìí síǹkì tó ń fọ kànrìnkàn, ó ń kọrin sábẹ́ ètè. Kí n tó rántí ìgbà tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu ọmọ náà gbẹ̀yìn, mo ti dé ìta.

Ọ̀la ni n óò lọ gbé e kúrò. N óò sọ pé ó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́rú, 15 oṣù kẹwàá

Mo débẹ̀, pákó ti ṣófo.

Lánàá lẹ́yìn tí a lọ ni Tíṣà ti to gbogbo rẹ̀ sínú iléru. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ló fẹ́ tanná sí i. Ó fà mí lọ́wọ́ kí n wá wo bí òun ṣe tò ó. Láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kò sí àyè ìka. Ìkòkò mi wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn, abọ́ Dẹ́rẹ́bà sì wà gẹ́rẹ́ níwájú rẹ̀.

"Ohun tó wúwo ní ń gbé nísàlẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Bàbá."

Mo ní ó tò ó dáadáa. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn. Mo wakọ̀ délé, mo sì sọ fún ìyá wọn, nítorí n kò lè gbé e mọ́. Aṣọ ló ń ká. Ó bi mí bóyá mo ti sọ fún ọmọ náà. Mo ní n kò tíì sọ ọ́. Ó ká aṣọ méjì sí i.

"Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí, bàbá wọn," ló wí.

Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò dá ọ̀rọ̀ ti ìṣáájú sílẹ̀ rí. N kò mọ̀ pé ó ṣì ń kà á.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù kẹwàá

Mo fẹ́ kọ tòní bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kí n má fi ohun kan kún un.

Gbogbo wa ló pé kí aago tó lu mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì gbé tíì wá nínú fúláàsì. Dẹ́rẹ́bà wọ fìlà tuntun, ó ní ọjọ́ tí abọ́ òun wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga nìyí. Tíṣà ṣàyẹ̀wò ojú gáàsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ìṣáná.

Mo ní, "Tíṣà, dúró."

N kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí láì fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Sìmẹ́ńtì wà nínú ìkòkò mi."

Télọ̀ dákẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dákẹ́. Tíṣà bi mí ibi tó wà. Mo ní ìdí rẹ̀ ni, ó gùn tó ìka méjì, èmi ni mo fi omi sí i lára tó fi sán, èmi ni mo dí i, èmi ni mo fi amọ̀ pa á lójú kí òun má bàa mọ̀.

"Ẹ wà níbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ló wí. "Ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ."

"Mo wà níbí. Mo gbọ́."

Ó dá ìṣáná padà sínú páálí rẹ̀. N óò rántí bó ṣe rọra ṣe é. Lẹ́yìn náà ni Dẹ́rẹ́bà béèrè, kò gbóhùn sókè, bóyá abọ́ òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní iwájú rẹ̀ gan-an ló wà. Ó ń mi orí. Mo ń dúró kó bú mi. Èmi gan-an, bí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ ní àgbàlá mi, ẹni náà ì bá ti gbọ́ ìtàn ìyá tó bí i.

Tíṣà ní a óò kó gbogbo rẹ̀ jáde. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Amọ̀ tó gbẹ tí iná kò tíì mú, ẹyin lásán le jù ú lọ. Kálukú ló ń gbé tirẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró sẹ́yìn, mo sì dúró, èmi tí ọgbọ̀n èèyàn máa ń dúró dè. Bí wọ́n ti ń kó ti òkè kúrò ni mo rí ife mi àkọ́kọ́, èyí tó wọ́ náà, ó jókòó láàárín àwọn ẹyẹ tí àwọn ọ̀rẹ́ Télọ̀ mọ. Tíṣà ti rí i lẹ́yìn pákó láti ìgbà wo, èmi ò mọ̀.

Ó wá ku abọ́ Dẹ́rẹ́bà. Ó tẹ̀ ba wọnú iléru, ó na ọwọ́ òsì, ó rí i pé bí òun bá fi ọwọ́ kan fà á, yóò dojú dé. Nọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn. Dẹ́rẹ́bà mi orí sí i.

"Alága, wá bá mi gbé e. Ọwọ́ rẹ ni mo ní o, kì í ṣe sìmẹ́ńtì rẹ."

A kúnlẹ̀, àgbà méjì, ọwọ́ mẹ́ta. Mo ti gbé ìpìlẹ̀ ilé kalẹ̀, mo ti gbé irin tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbé, ṣùgbọ́n n kò tíì gbé ohun tó wúwo tó abọ́ yẹn rí. A gbé e dé orí tábìlì. Ó ní kí n mí, pé òun ń gbọ́ bí n kò ṣe mí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fa ìkòkò mi jáde fúnra mi. Mo gé ibi tí sìmẹ́ńtì wà sọnù, mo fọ́ ìyókù sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi, kó lè padà di amọ̀. Àwọn yòókù tún tò tiwọn padà. Ó gbà wá títí di ọ̀sán. Ọ̀la la óò tanná.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, èmi àti ọmọ mi ń fọwọ́ ní síǹkì. Mo ní, "Àwọn orí méje ìgbà yẹn. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó wọn. Mo jẹ̀bi rẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́."

Omi ń dà. Ó pa á.

"Mẹ́sàn-án ni, Bàbá."

Mo ní, "Mẹ́sàn-án."

Ó na táwẹ̀lì sí mi. Ó ní òun ti gbọ́.

Ẹtì, 17 oṣù kẹwàá

Wọ́n tanná ní mẹ́jọ. Mo jókòó tì í lórí àga títí di ìrọ̀lẹ́. Kò dún. Mo sùn bí ọmọ tuntun.

Ajé, 20 oṣù kẹwàá

Mo kọ́kọ́ dé. Dẹ́rẹ́bà ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, nítorí náà, n kò kọ́kọ́ dé.

Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn iléru. Ooru díẹ̀ ṣì jáde. Gbogbo rẹ̀ ti pupa bí àgbàdo tí iná rà. Ó ń mú wọn jáde, ó ń fi ìka kàn wọ́n, wọ́n ń dún bí agogo, a sì ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé. Ogójì wọlé, ogójì jáde. Ẹyẹ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Télọ̀ nìkan ló pàdánù ẹnu, Dẹ́rẹ́bà sì ní Ọlọ́run ló mọ ìdí. Ẹlẹ́yẹ gan-an rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

Abọ́ Dẹ́rẹ́bà ló gbẹ̀yìn. Kò sán, kò ha. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó yí ẹ̀yìn sí wa díẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ó ní tíì dà, kí wọ́n bu tíì òun sínú rẹ̀. Tíṣà ní abọ́ kò tíì lè gba tíì, ó ku ọ̀dà dídán tí kì í jẹ́ kí omi jò, àti iná kejì. Ó ní òun ti dúró ọ̀sẹ̀ méje, òun lè dúró de ọ̀dà.

Nǹkan kan tó ti jókòó lé mi láyà láti ọ̀sẹ̀ méjì sọ̀ kalẹ̀. Lójú ọ̀nà, mo ra búrẹ́dì méjì. Oníbúrẹ́dì béèrè ìkòkò. Mo sọ òótọ́ fún un. Kò pa mí.

Àbámẹ́ta, 25 oṣù kẹwàá

Àfihàn. Òjò kò rọ̀. Yàrá iwájú kún dé ìta. Abọ́ Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n gbé sáàárín tábìlì, lórí aṣọ funfun, òun fúnra rẹ̀ sì dúró tì í bí ọlọ́pàá pẹ̀lú fìlà rẹ̀.

Àna mi dé. Ó wò yíká, ó wò gba abẹ́ tábìlì. Ó bi mí níbo ni ìkòkò tó kọjá orúnkún wà. Mo ní ó wà nínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ó rò pé àwàdà ni. Mo mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Tíṣà gbé ìwé àwọn àlejò sí. Ife mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ́ síbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dán, ó sì gbé bírò mẹ́rin dúró. Wọ́n kọ ọ́ sórí páálí kékeré: Ife. Iṣẹ́ bàbá Tíṣà.

Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn fọwọ́ kàn níbẹ̀ àfi tèmi. Mo ka orúkọ inú ìwé náà: mẹ́tàléláàádọ́rin. Ọwọ́ mẹ́tàléláàádọ́rin ló ti ibi ife mi mú bírò. Kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà wá bá mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àna mi, mo sọ ọ́ fún Dẹ́rẹ́bà, mo tún sọ ọ́ fún ìyá wọn nínú ọkọ̀. Ó ní ara mi ti yá.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń lọ, ọmọ mi pè mí sí yàrá ẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ sí ògiri lábẹ́ fèrèsé. Ó ní, "Bàbá, ibí yìí ńkọ́?"

Mo bi í ta ló ń béèrè, Tíṣà ni àbí ọmọ mi.

Ó ní àwọn méjèèjì.

Ajé, 27 oṣù kẹwàá

Àbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì, iyanrìn agbọ̀n mẹ́ta, irin ìrẹ́lé mi àtijọ́. Dẹ́rẹ́bà gbé àga sí ìdí ògiri, ó ní òun ni alábòójútó. Ọmọ mi ló ń po sìmẹ́ńtì. Ó mọ̀ ọ́n pò, èmi ni mo kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo ti gbàgbé pé mo kọ́ ọ.

Mo gbẹ́ ibi tó sán náà títí mo fi dé ibi tó le. Mo bu sìmẹ́ńtì sórí irin. Mo gbé e sókè. Mo wá dá ọwọ́ dúró, èmi tí n kò tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí kí n tó dí ihò, mo yíjú sí i.

"Ṣé kí n dí i?"

Ó wo ògiri, ó wò mí.

"Ẹ dí i, Bàbá."